Ìwádìí Ìran Kí Akọ Tó Gun Abo: Ìtàn Àrùn Kíndìnrín Àjogúnbá Lára Ajá Kóńgò àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwọn Ajá Ilẹ̀ Èkìtì

1.0 Ìfáárà

Ní Aísẹ̀gbá-Èkìtì, ní ilé tí a ti bí ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ yìí, bàbá wa àgbà, tí ó jẹ́ ọdẹ, kì í gba ọmọ ajá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bèèrè ìyá rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé, kí ni ìyá ajá náà lè ṣe nínú igbó? Èkejì ni pé, irú ikú wo ni ó pa ìyá tí ó bí ìyá náà? Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ìbéèrè kejì yìí a máa pa wá lẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé bàbá fẹ́ lọ kí àwọn òkú ajá.

Nígbà tí a dàgbà, a ra abo ajá òyìnbó kan fún ṣíṣọ́ ilé. Ẹni tí ó tà á fún wa kò mọ akọ tí ó gun ìyá rẹ̀. Nígbà tí ajá náà pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ní àmujù, ó ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ó rù kan eegun, ó sì kú. Oníṣègùn ẹran sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí ó tó kú, ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, a sì ti pín àwọn ọmọ náà fún ará àti ọ̀rẹ́. A kò sọ pé àjogúnbá ni àìsàn rẹ̀. Ohun tí ó ká wa lára ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí a lè bi, kò sì sí ohun tí a lè sọ fún àwọn tí ó gba ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni ìbéèrè bàbá wa àgbà tó yé wa.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti tọpasẹ̀ ìtàn àrùn kíndìnrín kan tí ajá ń jogún, èyí tí a ń pè ní àrùn Fanconi, lára ajá ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Basenji. A ó wo bí àrùn náà ṣe gbilẹ̀, bí a ṣe ń yẹ ajá wò kí akọ tó gun abo, àti àṣìṣe tí àwọn olùsìn ajá ṣe kí wọ́n tó rí ọ̀nà. Àbá wa ni pé àyẹ̀wò nìkan kò tó. Àyẹ̀wò tí kò bá ní ìtàn ìdílé lẹ́yìn, tí kò sì bìkítà fún fífẹ̀ ìran, lè lé àrùn kan jáde ní ẹnu ọ̀nà, kí ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún òmíràn.

2.0 Ìwádìí ìran nínú àṣà Yorùbá

Kì í ṣe orí ajá ni Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ìran. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí Yorùbá ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé kí àwọn òbí tó gbà kí ọmọ wọn fẹ́ ara, wọn a máa wádìí bóyá àrùn bíi wèrè, wàràpá àti ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé kejì. Bí a bá wo àṣà yìí fínnífínní, a ó ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta.

Ohun kìíní ni pé ìdílé ni a ń wádìí. Ìwádìí náà kò dúró sí ara ẹni tí a fẹ́ fẹ́ nìkan. Èyí bọ́gbọ́n mu, nítorí àwọn àrùn kan wà tí kì í yọjú títí ènìyàn yóò fi dàgbà. Ara ọ̀dọ́ lè dá ṣáṣá lónìí, kí ara bàbá rẹ̀ sì ti sọ ohun tí ń bọ̀ lọ́la. Òwe wa sọ pé ohun tí ó bá ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Ohun kejì ni pé ìwádìí náà lè ṣìnà. Ẹ̀tẹ̀ tí àwọn baba wa kà mọ́ àrùn ìdílé kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Kòkòrò ni ó ń fà á, gẹ́gẹ́ bí Hansen, oníṣègùn ará Nọ́wè, ti fi hàn ní 1873. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò jogún ohunkóhun ni a ti tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sọ di àpatì.

Ohun kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa, ni pé ojú kò lè rí ẹni tí ó ru àrùn láìsàn. Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù ni fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS. Ara wọn le, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ títí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lónìí kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Àṣà ìwádìí kò parẹ́. Ojú tuntun ni ó gbà.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ̀dá tí ó bá gba àbùdá àrùn lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo, tí kò sì ṣàìsàn, ni a ó máa pè ní aláàbọ̀-ogún. Èyí tí ó bá gbà á lọ́wọ́ òbí méjèèjì, tí àrùn sì lè hàn lára rẹ̀, ni a ó máa pè ní olódindi-ogún.

3.0 Bí ajá Kóńgò ṣe di ajá inú ìwé

Basenji jẹ́ ajá kékeré, onírun fẹ́lẹ́, elétí ṣóńṣó, tí ìrù rẹ̀ ká mọ́ ẹ̀yìn. Kì í gbó bí ajá yòókù. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò a sì máa so agogo mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n lè mọ ibi tí ó wà nínú igbó. Ìwádìí tí a gbé jáde ní 2009 lórí àbùdá àwọn ajá abúlé ní Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà fi hàn pé àwọn ajá ìbílẹ̀ Áfíríkà ni Basenji bá tan. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Basenji, ìbátan àwọn ajá tí ń sùn sí ẹ̀bá àrò ní Aísẹ̀gbá, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní 1895 ni a kọ́kọ́ fi méjì nínú ajá wọ̀nyí hàn níbi àfihàn ajá Crufts ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò pẹ́ tí àrùn fi pa wọ́n. Ìgbà tí ó di ọdún 1936 ni Ìyáàfin Olivia Burn tó kó àwọn mìíràn wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n yè, tí wọ́n sì bímọ. Ní 1941, a rí abo kan tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nínú ọkọ̀ òkun tí ó kó kọfí láti Áfíríkà lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà. Òun náà wà lára àwọn tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìsìn irú ajá yìí ní ọ̀hún. Ní 1959, Veronica Tudor-Williams, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olùsìn Basenji, rìnrìn àjò lọ sí gúúsù Sùdáánì, ó sì mú abo kan tí a ń pè ní Fula bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Fula yìí tàn káàkiri nínú àwọn Basenji tí ó tẹ̀lé e.

Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí ni bí àwọn ajá wọ̀nyí ti kéré níye tó. Nínú igbó Kóńgò, ajá pọ̀ bí eèsún. Nílẹ̀ òkèèrè, ìwọ̀nba tí ọwọ́ lè kà ni a fi ṣe ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹgbẹ́ olùsìn ajá ṣí ìwé ìran, wọ́n kọ orúkọ ajá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sí i, wọ́n sì ti ìwé náà pa. Ajá tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, kì í ṣe Basenji lójú wọn. Bí ìran ti ń gorí ìran, ọmọ ìyá ń fẹ́ ọmọ ìyá, bàbá ń gun ọmọ-ọmọ. Ohun tí a kà sí mímọ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó di fífún ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Àbùdá àrùn tí ó ń sápamọ́ kò ní àǹfààní púpọ̀ láti yọjú láàrin ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ajá tí kò bá ara wọn tan, nítorí aláàbọ̀-ogún kì í sábà pàdé aláàbọ̀-ogún. Ṣùgbọ́n bí ajá kan ṣoṣo láàrin àwọn ìpìlẹ̀ bá ru ú, tí gbogbo ìran sì ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, dandan ni kí ọmọ rẹ̀ pàdé ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú.

4.0 Bí a ṣe lé àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a kan àrùn kíndìnrín

Àrùn àkọ́kọ́ tí ó yọjú kì í ṣe ti kíndìnrín. Àrùn ẹ̀jẹ̀ kan ni, èyí tí àìtó èròjà pyruvate kinase ń fà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ajá tí ó bá ní in kì í pẹ́ kí ó tó fọ́. Ajá náà a máa kú ní kékeré. Ní àwọn ọdún 1970, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wà tí ó lè fi aláàbọ̀-ogún hàn. Àwọn olùsìn ajá ní Amẹ́ríkà fi tọkàntọkàn gbà á. Wọ́n yẹ ajá wọn wò, wọ́n sì yọ gbogbo aláàbọ̀-ogún kúrò lára àwọn tí yóò bímọ. Iṣẹ́ náà yọrí, nítorí àrùn ẹ̀jẹ̀ náà di ọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ajá púpọ̀ tí ara wọn le, tí wọ́n sì ní ìwà rere, ni a yọ kúrò nítorí àbùdá kan ṣoṣo. Ìwọ̀nba ìpìlẹ̀ tí ó kéré tẹ́lẹ̀ wá kéré sí i. Láàrin àwọn tí a fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́, àbùdá mìíràn ń bẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí a wò. Ní 1976 ni àwọn oníṣègùn ẹran kọ ìròyìn Basenji mẹ́ta jáde, tí ṣúgà wà nínú ìtọ̀ wọn nítorí pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni ó hàn pé àrùn náà ti gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ìtàn irú ajá yìí ni ó gbà pé ìyọkúrò tí a fi lé àrùn ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ti kíndìnrín pọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ kíndìnrín. Ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí ìyá wa ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n omi tí ó bá ti inú asẹ́ jáde kò tíì di ìtọ̀. Àwọn ohun tí ó wúlò fún ara ṣì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni pé kí kíndìnrín fa ṣúgà àti àwọn èròjà aṣaralóore mìíràn padà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ìyókù tó jáde. Iṣẹ́ ìfàpadà yìí ni ó ń bàjẹ́ nínú àrùn Fanconi, tí a fi orúkọ Guido Fanconi, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní Switzerland, pè. Ohun tí ó yẹ kí ara fi ṣe agbára ń bá ìtọ̀ lọ. Ajá ń jẹun, ó ń rù. Ó ń mu omi, òùngbẹ kò sì tán. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, èyí sì ni ó fi yàtọ̀ sí àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ikú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí ó mú àrùn yìí burú jù ni àkókò tí ó ń yọjú. Láàrin ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ó sábà máa ń hàn. Kí ajá tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùsìn ajá tí ó ń yan akọ arẹwà, alágbára, ọlọ́dún méjì, lè máa yan ikú láìmọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ti ojú rẹ̀. Àrùn náà ni kò tíì sọ̀rọ̀.

5.0 Láti orí ìtọ̀ dé orí jíìnì

Àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ lò rọrùn. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà ń tẹ̀ bọ ìtọ̀ ni àwọn olùsìn Basenji ń lò lóṣooṣù láti mọ̀ bóyá ṣúgà wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ti gba ọ̀pọ̀ ajá là, nítorí bí a bá tètè mọ̀, a lè máa fi oògùn dá ohun tí ara ń sọnù padà. Àmọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ yan akọ fún abo, ó pẹ́ jù. Ó ń sọ pé àrùn ti dé. Kò lè sọ pé àrùn ń bọ̀.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde tí ó ń wo àmì tí ó wà nítòsí jíìnì àrùn náà. Kò rí jíìnì náà fúnra rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó mọ àdúgbò olè ṣùgbọ́n tí kò tíì mọ ilé rẹ̀. Nítorí náà, èsì rẹ̀ a máa ṣìnà nígbà mìíràn. Ní 2011 ni a rí ilé náà: àbùkù inú jíìnì tí a ń pè ní FAN1. Láti ìgbà náà, a lè mọ ogún tí ọmọ ajá gbà láti ọjọ́ kékeré rẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò yìí pín sí mẹ́ta: ajá tí kò jogún rẹ̀ rárá, aláàbọ̀-ogún, àti olódindi-ogún. Bí aláàbọ̀-ogún bá gun ẹni tí kò jogún rẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò ṣàìsàn. Ìdajì lè jẹ́ aláàbọ̀-ogún, ìdajì kò ní jogún rẹ̀. Bí aláàbọ̀-ogún bá pàdé aláàbọ̀-ogún, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ni a lè retí pé yóò jẹ́ olódindi-ogún. Èyí ni a gbọ́dọ̀ yẹra fún.

Níbí ni ẹ̀kọ́ àwọn ọdún 1970 ti wúlò. Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yọ aláàbọ̀-ogún kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ ajá rere, kí a fún un ní ẹnì kejì tí kò jogún àrùn náà, kí a sì yẹ àwọn ọmọ wọn wò. Ìwà rere yóò dúró, àrùn kò sì ní rí ẹni bá lọ. Àwọn olùsìn Basenji tún ṣe ohun kejì. Ní 1987 àti 1988, àwọn kan láti Amẹ́ríkà padà lọ sí ilẹ̀ Kóńgò, tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, láti mú ajá tuntun bọ̀. Ní 1990, American Kennel Club ṣí ìwé ìran tí a ti tì, wọ́n sì gba àwọn àlejò náà wọlé. Ilé àtijọ́ ni wọ́n padà lọ kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò tún ilé tuntun ṣe.

Àpẹẹrẹ kan wà lára ènìyàn tí ó fi hàn pé ogún àrùn lè ní ìdí tí ó fi wà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kéde pé oríṣi méjì jíìnì APOL1 tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ìran ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, lè pọ̀ sí ewu àrùn kíndìnrín fún ẹni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá. Àwọn oríṣi jíìnì yìí kan náà sì ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò tí ń fa àrùn oorun jà. A kò sọ pé ti Basenji rí bẹ́ẹ̀; ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ hú igbó ìdílé gbọ́dọ̀ mọ èyí tí í ṣe èpò.

6.0 Ajá Èkìtì àti ajá òyìnbó

Ní ilẹ̀ Èkìtì, ajá ju ohun ọ̀sìn lásán lọ. Ajá ni oúnjẹ Ògún, Ìrè-Èkìtì sì ni ìlú tí ìtàn so mọ́ Ògún jù. Ọdẹ àti ajá kì í ya ara. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé ìran fún àwọn ajá wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í so wọ́n mọ́lẹ̀. Abo a máa pàdé akọ tí ó bá wù ú. Àrùn, ebi àti igbó ni ó ń ṣe àṣàyàn. Àṣàyàn yìí le koko, ṣùgbọ́n ìran kò há. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí ó ka àbùdá àwọn ajá ilẹ̀ Nàìjíríà rí àmì pé ara wọn ti bá àwọn kòkòrò afàrùn ilẹ̀ olóoru mọ́ra. Ọrọ̀ ni èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi tọrẹ.

Lónìí, ajá òyìnbó ni ó gbayì. Láti Adó dé Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn, àwọn ènìyàn ń bí Alsatian àti Boerboel fún títà. Ìpìlẹ̀ àwọn ajá wọ̀nyí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kéré, akọ kan a sì máa gun abo gbogbo. Bí ìtàn Basenji ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Alsatian pàápàá ní àrùn kíndìnrín àjogúnbá tirẹ̀, tí kókó ń yọ sí awọ ara tí ìṣù sì ń hù nínú kíndìnrín. Jíìnì rẹ̀, FLCN, ni a rí ní 2003. Èyí kò rí bíi ti Fanconi, nítorí òbí kan ṣoṣo ti tó láti fi í ran ọmọ. Kò sí aláàbọ̀-ogún nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Bull Terrier, tí àpò omi ń kún kíndìnrín rẹ̀. Nítorí náà, kò sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí ó lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo ajá. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ajá wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ajá tí ó ní àti àrùn tí ń bá irú náà jà.

Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó ṣeé ṣe láìná owó púpọ̀. Èkíní, kí ẹni tí ń sin ajá kọ orúkọ bàbá àti ìyá, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú àti ohun tí ó fa ikú sílẹ̀. Èkejì, kí a yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ajá wò ní ilé ìwòsàn ẹran kí akọ tó gun abo. Bí owó bá sì wà, kí a fi ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ẹnu rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò jíìnì. Ẹ̀kẹta, kí a máa lo akọ tí ó ti dàgbà, tí òbí rẹ̀ sì pẹ́ láyé, nítorí àrùn tí ń yọjú ní ọdún kẹfà kò lè fara pamọ́ fún akọ ọlọ́dún mẹ́jọ. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe jẹ́ kí akọ kan di bàbá gbogbo àdúgbò.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i nínú àpilẹ̀kọ yìí pé ìtàn àrùn kíndìnrín lára ajá Kóńgò jẹ́ ìtàn ìpìlẹ̀ tí ó kéré, ìwé tí a tì, àti àyẹ̀wò tí a fi ìkánjú lò. A ti rí i pẹ̀lú pé ìmọ̀ jíìnì fún wa ní ojú tí àwọn baba wa kò ní, nítorí ó ń rí aláàbọ̀-ogún. Síbẹ̀, ìwé tí ó sọ pé ajá kò ní àbùkù nínú jíìnì kan kò sọ ohunkóhun nípa ẹgbẹ̀rún jíìnì mìíràn. Ìtàn ìdílé ni ó lè sọ nípa ìyókù.

Bàbá wa àgbà kò mọ Fanconi, kò sì rí ìwé àyẹ̀wò rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ara ọmọ ajá nìkan kò tó láti fi dá a lẹ́jọ́, àti pé ikú ìyá àgbà jẹ́ ẹ̀rí. Bí a bá fi ìbéèrè rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, tí a sì fi àyẹ̀wò òde òní lé e, ẹni tí ó bá gba ọmọ ajá lọ́wọ́ wa lọ́la yóò rí ẹni bi, a ó sì ní èsì láti fún un.